Ẹni Tí Yóò Gba Fèrè Lọ́wọ́ Bàbá

Mọ́kọ́lá ni mo ń gbé nígbà náà, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Akọ̀wé ni mí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dùgbẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá, n kò tíì níyàwó, n kì í mu ọtí, ọ̀rẹ́ mi ò sì pọ̀. Bọ́ọ̀lù nìkan ni mo ní. Kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n gbá o. Mo kàn fẹ́ràn láti dúró létí pápá kí n máa wò ó ni. Ọkàn mi a máa balẹ̀ níbẹ̀ ju inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ létí ìyá mi.

Ẹgbẹ́ tí mo ń tẹ̀lé kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtajà ní Dùgbẹ̀ ló ń gbá a, pẹ̀lú káfíńtà méjì, télọ̀ kan, àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ojú irin. Pápá wa wà nísàlẹ̀ Onírèké, ilẹ̀ pupa tí koríko ò hù láàárín rẹ̀. Bàbá kan, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ojú irin, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Lóde òní, kóòṣì ni wọn ì bá máa pè wọ́n. Nígbà tiwa, máníjà là ń sọ, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bàbá ló ń kọ́ àwọn ọmọ, Bàbá ló ń yan àwọn tí yóò gbá, Bàbá náà ló ń bẹ ọlọ́kọ̀ tí yóò gbé wọn bí eré bá wà lẹ́yìn odi. Wọ́n ga, wọ́n sì tẹ́ẹ́rẹ́. Fèrè kan wà lọ́rùn wọn tí wọ́n fi ń pe àwọn ọmọ jọ. "Ẹ̀yin ọmọ mi" ni wọ́n ń pe gbogbo agbábọ́ọ̀lù, títí kan àwọn tí ewú ti ń yọ lórí wọn.

Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè ni àwa tí à ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ náà máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́. Bọ́ọ̀lù ìgbà náà ní rọ́bà nínú, awọ ló bò ó, okùn ni wọ́n sì fi ń dì í lẹ́nu bíi bàtà. Bí rọ́bà yẹn bá lu, ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́ ló ń bá wa lẹ̀ ẹ́, bó ṣe ń lẹ rọ́bà kẹ̀kẹ́. Bí a ṣe sọ ibẹ̀ di ojúkò wa nìyẹn. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni ọ̀gá náà, Mùsùlùmí òdodo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ wọn kì í tán ni tísà kan, ọmọ Èkìtì, tó ń kọ́ni ní ilé ìwé ìjọ kan, àti awakọ̀ kan tó ń fi lọ́rì kó kòkó. Bí tísà bá ní funfun ni, awakọ̀ á ní dúdú ni. Lẹ́yìn náà wọ́n á jọ máa rìn lọ sílé bí tẹ̀gbọ́n tàbúrò.

Torí pé mo mọ̀wé, tí ìwé ọwọ́ mi sì dára, èmi ni mo ń bá Bàbá kọ orúkọ àwọn tí yóò gbá fún rẹfirí. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo sì ń dúró sí bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, à ń bá ẹgbẹ́ kan láti Ọ̀yọ́ gbá. Bàbá ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń wo pápá. Wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ta ni ọmọ tó wọ dúdú yẹn?" ni wọ́n bi mí. "Ó ti pẹ́ tó ti ń sá kiri, kò tíì fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan."

Mo wo ibi tí wọ́n nawọ́ sí. "Bàbá, rẹfirí ni."

Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín, kí èmi náà lè rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn èèyàn ti túká, wọ́n ní kí n sìn wọ́n délé. Ilé wọn ò jìnnà, ẹ̀yìn ojú irin ni. A rìn díẹ̀, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Nígbà tí a dé ibi gọ́tà kan tí wọ́n dúró, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wá etí rẹ̀, ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe ìfẹ́.

"Ó ti tó ọdún méjì," ni wọ́n wí. "Ọ̀tún ti lọ tán. Òsì ló kù, bíi kéèyàn máa yọjú wo ìta láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́ ló rí. Mo ti dé ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n ní èyí tó ti lọ kò ní padà, èyí tó kù náà ń lọ."

"Ta ló mọ̀, Bàbá?"

"Ìyá ilé mọ̀. Ìwọ náà ti wá mọ̀ báyìí. Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí mi ò bá rí àwọn ọmọ yẹn bójú tó, kí ni mo tún fẹ́ máa jí ṣe láàárọ̀?"

Mo ní n kò ní sọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di ojú Bàbá. Mo ń dúró tì wọ́n, mo ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń ka lẹ́tà fún ẹni tí kò mọ̀wé. Bọ́ọ̀lù wà lápá òsì. Ó ti bọ́ sọ́wọ́ télọ̀. Télọ̀ ti gbé e fún káfíńtà kékeré. Àwọn tí ń wò wá láti ọ̀kánkán rò pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni à ń bá ara wa sọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí Bàbá ṣe ń fi etí mọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, ìró rẹ̀ máa ń yàtọ̀, wọ́n á sì bi mí pé, "Ta nìyẹn? Èyí dára." Bó bá jẹ́ pé ẹni tí mo dárúkọ kì í ṣe ẹni tí wọ́n retí, wọ́n á ní kí n tún un wò dáadáa. Nígbà mìíràn, àwọn ló ń jàre.

Bá a ṣe ṣe é fún sáà kan àtààbọ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fura.

Káfíńtà kékeré tí mo dárúkọ yìí, ọmọ ìlú mi ni. Èmi àti ẹ̀ jọ ń gbé yàrá kan náà ní Mọ́kọ́lá. Òun ló ń gbá apá òsì, ó sì lè sá eré bí ẹni tí ẹkùn ń lé. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún Bàbá, ohùn mi máa ń yí padà. N kò mọ̀ nígbà náà. Bí ó bá ṣe nǹkan kékeré, màá sọ ọ́ di ńlá. Bí ó bá sọ bọ́ọ̀lù nù, màá ní àwọn ọ̀tá ló gbá a lẹ́sẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ bá ẹgbẹ́ Abẹ́òkúta kan gbá, nínú ìdíje tí a ti ń retí láti ọdún tó kọjá, káfíńtà já bọ́ láti orí òrùlé ilé kan tí wọ́n ń kọ́ ní Àgbòwó. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Mo fi omi gbígbóná jó o fún un lálaalẹ́. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ó ń rìn, ṣùgbọ́n ó ń tiro. Ó wá bẹ̀ mí.

"Bàbá ìyàwó tí mo ń fẹ́ ń bọ̀ wá wò mí," ni ó wí. "Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Jọ̀ọ́, má sọ fún Bàbá pé ẹsẹ̀ yìí ṣì ń dùn mí."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá bi mí ní pápá pé, "Ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ńkọ́? Ó dàbí pé n kò gbọ́ ìró rẹ̀ púpọ̀ lónìí."

"Ó ti san, Bàbá," ni mo wí. "Ó kàn ń rọra ṣe ni."

Èmi fúnra mi ni mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Àṣà ìgbà náà ni pé bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí pé wọ́n ń pààrọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá wọlé ti wọlé.

Àwọn ará Abẹ́òkúta ò jẹ́ kó pẹ́ tí wọ́n fi rí ibi tí ó ti jò. Gbogbo bọ́ọ̀lù wọn, ẹ̀gbẹ́ káfíńtà ni wọ́n ń gbé e gbà. Ọmọ náà ń wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀lé wọn, ojú rẹ̀ ti fún pọ̀. Wọ́n jẹ wá ní gólì mẹ́ta kí ìdajì eré tó pé, wọ́n sì tún jẹ mẹ́ta sí i. Ẹ̀yọ kan péré la rí san. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n dúró sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ Bàbá. "Bàbá, ẹsẹ̀ ọmọ yìí, ṣé ẹ ò rí i ni? Ṣé ẹ ò rí i?"

Bàbá yíjú sí mi. "Kí ni wọ́n ní mi ò rí?"

Mo ní, "Ariwo lásán ni, Bàbá. Ẹ má dá wọn lóhùn."

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́ ti kún. Awakọ̀ wà lórí táyà kan, tísà jókòó sórí àpótí pẹ̀lú bàtà rẹ̀ tó ń dán. Ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ó dojú kẹ̀kẹ́ kan dé, ó ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mo ti sọ ọ́ tipẹ́," ni tísà ń wí. "Ayé ti ń lọ síwájú. Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní yunifásítì tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní bọ́ọ̀lù. Ó ní ìwé lórí rẹ̀. Ó máa ń ya ibi tí kálukú yóò dúró sójú pátákó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó jẹ́ máníjà wa."

"Pátákó kì í gbá bọ́ọ̀lù," ni awakọ̀ dá a lóhùn. "Àwọn ọmọ wa ti ya ọ̀lẹ. Sójà ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ mọ ọkùnrin tó ń gbé lẹ́bàá Sábó yẹn, tó ja ogun dé Bọ́mà? Ó gbá bọ́ọ̀lù nínú iṣẹ́ ológun. Bí òun bá ní kí èèyàn dìde láago márùn-ún, onítọ̀hún á dìde."

"Ẹni tí kò lè ka ìwé òfin eré?"

"Ṣé ìwé ló jẹ wá ní gólì mẹ́fà lánàá?"

Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi télọ̀ ṣe é, torí òun ló dàgbà jù láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù. Wọ́n ní télọ̀ kò lè ṣe olórí ìyàwó rẹ̀, áḿbọ̀sì ọkùnrin mọ́kànlá. A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orúkọ káfíńtà ló ń bọ̀ lẹ́nu wọn lẹ́yìn gbogbo gbólóhùn kan. Ta ló mú aláàárẹ̀ wọlé? Irú ìyà wo nìyẹn? Ìkà ni Bàbá ń ṣe ni, àbí ogbó ló ń dà wọ́n láàmú?

Ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́ dá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ dúró. "Bàbá ló dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀," ni ó wí. "Ọjọ́ tí wọ́n bá sọ pé ó ti rẹ àwọn, a óò mọ ẹni tí ó kàn. Wọn ò tíì sọ bẹ́ẹ̀."

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ni awakọ̀ wí. "Ọmọ tó ń tiro, afọ́jú nìkan ni kò ní rí i. Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Wọ́n ti dìtẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ yìí."

Ibẹ̀ ni mo ti lahùn. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ yẹn, n kò sì tíì lè sọ ní tòótọ́ bóyá Bàbá ni mo fẹ́ gbèjà tàbí ara mi. Mo ní, "Bàbá ò mọ̀ọ́mọ̀. Bàbá ò ríran mọ́."

Tísà bọ́ fìlà rẹ̀. Awakọ̀ wo ilẹ̀.

"Láti ìgbà wo?" ni ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́ bi mí.

"Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí."

"Ta wá ló ń yan àwọn ọmọ?"

Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Èyí tó ti bọ́ lẹ́nu mi ti fọ́ sílẹ̀, mo sì rí i pé bí mo bá fi òmíràn lé e, yóò fọ́ sórí èmi alára. Mo ní, "Bàbá ń fi etí yan wọn."

Irọ́ kọ́ ni. Kì í sì í ṣe òtítọ́.

Kò sí àríyànjiyàn mọ́ lórí bóyá kí Bàbá lọ. Ẹni tí yóò rọ́pò wọn nìkan ló kù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, àwa mẹ́rin lọ sílé wọn: ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́, tísà, awakọ̀, àti èmi. N kò fẹ́ lọ. Ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́ ló ní dandan ni kí n bá wọn lọ.

Ìyàwó Bàbá ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì wọlé lọ láì sọ̀rọ̀. Bàbá wà nínú àga wọn. A dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ jókòó," ni Bàbá wí. "Ṣé ẹ̀yin mẹ́ta ni, àbí mẹ́rin?"

"Mẹ́rin ni, Bàbá," ni ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́ fèsì. "A wá kí yín ni. Wọ́n ní ara yín ò fi bẹ́ẹ̀ le."

"Ara mi le. Ojú mi ni kò le. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá wá."

Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́. Bàbá fúnra wọn ló wá sọ ọ́. Wọ́n ní, "Ta lẹ fẹ́ fi síbẹ̀?"

"Ọ̀gbẹ́ni tó wà ní yunifásítì," ni tísà wí.

"Sójà kan lẹ́bàá Sábó," ni awakọ̀ wí.

Ẹnu wọn jọ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Tísà ní àwọn ti jọ sọ ọ́ lọ́nà pé òun ni yóò sọ̀rọ̀. Awakọ̀ ní àwọn ò sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá gbé e níbẹ̀, lójú Bàbá, wọ́n ń jà lórí àga tí ẹni tó ni ín ṣì jókòó sí. Ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́ fọwọ́ kan orúnkún awakọ̀, awakọ̀ ò tiẹ̀ mọ̀. Bàbá tẹ́tí sí wọn bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Nígbà tí ó rẹ̀ wọ́n, Bàbá sọ̀rọ̀.

"Sójà yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ènìyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ á máa bẹ̀rù rẹ̀, kì í sì í rọrùn fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti gbé bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíràn. Ṣe ni yóò kàn máa gbá a sọnù. Ti yunifásítì, kò ní pẹ́ lọ́dọ̀ yín. Iṣẹ́ ẹ̀ wà níbòmíràn. Ẹ wá ẹni tó mọ orúkọ ìyá kálukú nínú wọn."

Bàbá bọ́ fèrè kúrò lọ́rùn, wọ́n nà án síwájú.

"Ta ni n ó gbé e fún?"

Tísà wo awakọ̀, awakọ̀ wo tísà. Èmi ò lè gbé ojú sókè. Ọwọ́ Bàbá wà lókè bẹ́ẹ̀, wọn ò sì mọ ibi tí ẹnikẹ́ni wà. Nígbẹ̀yìn, ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́ dìde, ó kúnlẹ̀, ó gbà á.

Ìyàwó Bàbá tẹ̀ lé wa jáde. Ó dúró títí àwọn yòókù fi lọ síwájú.

"Ìwọ nìkan ló mọ̀," ni ó wí fún mi. "Bàbá ní n kò gbọdọ̀ bi ọ́."

"Ẹ má bínú, Ìyá."

"Kí ni mo fẹ́ fi ìbínú ṣe? Ojú ò lè torí ìyẹn là." Ó tilẹ̀kùn.

Ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́ ní òun kàn gba fèrè náà pa mọ́ ni, òun kì í ṣe máníjà. Ẹni yunifásítì ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Ó wá ní ìgbà mẹ́ta. Ó gbé pátákó wá lóòótọ́, ó sì kọ́ wa ní nǹkan tó dára, ṣùgbọ́n láti Àgbòwó sí Onírèké jìnnà fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, a ò rí i mọ́. Awakọ̀ yọ̀ mọ́ tísà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì lọ mú sójà. Sójà mú àwọn ọmọ sá eré láàárọ̀ kùtù títí ọmọ iléeṣẹ́ méjì fi pẹ́ dé ibi iṣẹ́, tí ọ̀gá wọn sì lé wọn. Àwọn méjì náà ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Télọ̀ bínú kúrò. Káfíńtà, ọ̀rẹ́ mi, ti lọ sí Èkó kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀. Bàbá ìyàwó tó ń fẹ́ kò gbà fún un, káfíńtà wá ní kò sí ohun tí òun tún ń dúró ṣe n'Ìbàdàn. Ó kó ẹrù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì fi ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wọ́ sílẹ̀ fún mi nínú yàrá náà.

Lẹ́yìn tí sójà yọwọ́ rẹ̀, wọ́n ní kí n wá ṣe é. Wọ́n ní mo ti bá Bàbá rìn pẹ́, mo gbọ́dọ̀ ti rí nǹkan kọ́. Mo gbà. Sátidé àkọ́kọ́ tí mo dé pápá, àwọn mẹ́jọ ló wá. Mo ń wò wọ́n, ojú mi méjèèjì sì là kedere, n kò mọ ohun tí mo ń wò. N kò mọ ẹni tí ó yẹ kí n gbé síwájú tàbí sẹ́yìn. Ẹ̀rù bà mí. Àwọn tí a fẹ́ bá gbá dúró títí, wọ́n sì lọ. Ìyẹn ni ìgbà ìkẹyìn tí ẹgbẹ́ wa péjọ sí pápá náà. Nígbà tó ṣe, àwọn kan wá kan èèkàn mọ́ ọn, wọ́n ní ilé ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé a ò yéé pàdé ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́. Ó tó oṣù mélòó kan tí tísà àti awakọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó jẹ́ máníjà, nígbà tí kò sí agbábọ́ọ̀lù kankan mọ́, tí kò sí pápá. Ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́ á máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní òun ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Nígbà tó yá, wọ́n gbé tísà lọ sí ilé ìwé mìíràn ní Èkìtì. Awakọ̀ wá ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó jókòó díẹ̀, kò rí ẹni bá jiyàn, ó sì lọ.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Bàbá àti ìyàwó wọn padà sí. Ó tó ọdún méjì kí n tó lọ wò wọ́n. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo, mo wọ lọ́rì dé Iléṣà, mo sì tún wọ òmíràn dé abúlé wọn. Mo ti pinnu pé n óò jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ káfíńtà fún Bàbá. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu láti Ìbàdàn.

Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti bá Bàbá. Wọ́n ti rù. Kí n tó dọ̀bálẹ̀ tán ni wọ́n ti mọ ohùn mi.

"Akọ̀wé," ni wọ́n wí. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Àwọn ọmọ mi ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Bàbá."

"Ṣé wọ́n ṣì ń gbá?"

Ìyàwó wọn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbójú sókè wò mí. Mo ní, "Wọ́n ń gbá."

Ojú Bàbá tàn. "Ta wá ni máníjà wọn?"

Mo bá wá ẹnì kan. Mo ní ọmọ Ẹdẹ ni, ó ti gbá bọ́ọ̀lù rí ní Kánò, kò tíì pé ogójì ọdún. Bàbá ní ṣé ó máa ń pariwo. Mo ní rárá. Wọ́n ní ta ló ń fi sápá òsì báyìí. Ó dé lójijì, n kò ronú, mo ní télọ̀ ni.

Bàbá mi orí. "Télọ̀ kọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni télọ̀ ní. Ọkùnrin yẹn ò tíì mọ̀ wọ́n."

"Ó ní ìdí tó fi ṣe é, Bàbá. Ó fẹ́ kí télọ̀ máa gbé bọ́ọ̀lù wọ àárín."

"Ìdí kí ni? Sọ fún un pé ẹ̀yìn ni kó fi télọ̀ sí."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ọkùnrin tí kò sí láyé nìyẹn, tí Bàbá ń ta kò ó, tí a jọ ń fi ìka ya pápá sórí ilẹ̀, ìka tiwọn nínú ọwọ́ mi. Inú Bàbá dùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo la ẹnu láti sọ ohun tí mo bá wá, ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá bi mí ní ìbéèrè mìíràn. Ní ìgbà kẹta, n kò gbìyànjú mọ́.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n ní, "Bí wọ́n bá na ẹgbẹ́ yín, ẹ má tètè lé máníjà yín o. Ẹ ní sùúrù fún un. Sọ fún awakọ̀ pé mo ní bẹ́ẹ̀."

"Màá sọ fún un, Bàbá."

Ìyàwó wọn sìn mí dé ibi tí lọ́rì ń gbà kọjá. Ó dúró tì mí títí a fi gbọ́ ìró ọkọ̀ lókèèrè.

"Kò sí ẹgbẹ́ mọ́, àbí?" ni ó wí.

"Kò sí mọ́, Ìyá."

"Mo mọ̀. Bàbá á máa ronú ọ̀rọ̀ télọ̀ yìí di oṣù tó ń bọ̀, á sì máa fi dí mi lóorun. Bí o bá tún ń bọ̀, o gbọ́dọ̀ rí òmíràn sọ. Ṣé o lè rí òmíràn sọ?"

Lọ́rì dé, mo wọ̀ ọ́.

N kò padà lọ mọ́. Lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé Bàbá ti kú pẹ́ lọ́nà. Nígbà tí mo fi rí i gbà ní Dùgbẹ̀, wọ́n ti sin wọ́n, ọjọ́ kẹjọ ìsìnkú náà sì ti kọjá. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́, mo kà á fún un. Ó ṣàdúrà fún Bàbá lọ́nà tirẹ̀, ó sì bi mí bóyá mo mọ ibi tí awakọ̀ wà, kí a lè sọ fún un pẹ̀lú. N kò mọ̀. Òun náà ò mọ̀.